Ìdáríjì Tí Wọ́n Fún Ọmọ Ọlọ́mọ

Nínú gbogbo ohun tí Oníkòkòrò gbé láti ilé lọ sí ìlú òkèèrè, ìkíni ló kọ́kọ́ kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọkùnrin tí yàrá wọn fara kanra ló kọ́kọ́ kí. Wọ́n pàdé lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀, ó fi èdè ibẹ̀ bi í pé ṣé ó jí dáadáa. Ọkùnrin náà wẹ̀yìn wò, ó rò pé ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì, awakọ̀ nàka sí ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ó kí obìnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyẹn bi í pé kí ló sọnù.

Kò pẹ́ tó fi pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá kí ògiri, ògiri ò ní dáhùn, ṣùgbọ́n ògiri ò ní wò ó bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé.

Oníkòkòrò kọ́ ni wọ́n sọ ọmọbìnrin yìí lọ́jọ́ ìkómọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un lórúkọ yẹn nígbà tó ní ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò tó ń ba irè oko jẹ́ ni òun fẹ́ lọ kà. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin bi í níwájú gbogbo ẹbí pé ṣé kòkòrò ti wá tán nílé ni, tó fi jẹ́ pé òkèèrè ló kù tí wọ́n ti ń lọ wò ó. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún wa, ó ní orúkọ nìkan ni kí a bá òun bò, kí a má bo ohun tí òun ṣe.

Yàrá tí wọ́n fún un ò fẹ̀ ju kí èèyàn na apá méjèèjì lọ. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé kejì. Gbogbo wọn ló jọ ni ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kálukú ló ní kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan. Ìkòkò tó mọ̀ ni ìkòkò tí ọwọ́ púpọ̀ ń wọ̀. Ó se ìrẹsì, ó pọ̀ jù, ó bù ú fún ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá ọ̀kánkán. Ọmọbìnrin náà dúpẹ́, ó ní òun ti jẹun, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ìrẹsì yẹn ni Oníkòkòrò ń jẹ títí tó fi sú u. Nígbà tó yá, kò sè é mọ́. Búrẹ́dì ló ń jẹ lórí ìdúró. Ó rù.

Ní kíláàsì, orúkọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́, àfi bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹnu Oníkòkòrò kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ pè é síwájú, orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀ kó tó mọ̀. Olùkọ́ fi àánú bi í pé ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ún ni.

Ìyá rẹ̀ a máa pè é lọ́jọ́ Àìkú. A bi í bóyá àwọn èèyàn ibẹ̀ ń ṣe dáadáa sí i. Oníkòkòrò a ní wọ́n ń ṣe dáadáa. Irọ́ kọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe é níbi. Kò sẹ́ni tó ṣe é ní ohunkóhun ni.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀. Ó ti pẹ́ ní ìlú náà, ó gbọ́ èdè wọn débi pé ó ń fi í jà. Ṣùgbọ́n bí iyè rẹ̀ ṣe ń ra, èdè àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bó kúrò lára rẹ̀ bí ọ̀dà ara ògiri àtijọ́. Ó wá ku Yorùbá nìkan. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú ilé náà. Nọ́ọ̀sì àgbà wá sí ilé ẹ̀kọ́, ó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tó lè máa wá jókòó tì í lọ́sàn-án, kó sì máa túmọ̀ ohun tó bá ń fẹ́. Oníkòkòrò ní òun yóò ṣe é.

Nọ́ọ̀sì àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ṣàlàyé pé ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá náà bí, obìnrin, ìlú tó jìnnà ni ìyẹn ń gbé. Ìjà wà láàárín wọn. Ọmọ fẹ́ ọkọ tí bàbá ò fẹ́. Bàbá kú kí wọ́n tó parí rẹ̀, ọmọ ò sì wá síbi ìsìnkú. Ìyá ní ojú òun ò gbọdọ̀ kan tirẹ̀ mọ́ láyé. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ ti ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní òun ò ní já wọlé tọ ìyá òun láìgbàṣẹ. Ọjọ́ tí ìyá bá fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí òun máa bọ̀, lórí fóònù, ọjọ́ náà ni òun yóò wọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì wá fi ìkìlọ̀ kan kún un. Bí ìyá náà bá fi í pe ẹlòmíràn, kó rọra sọ ẹni tó jẹ́ fún un. Kó má ṣe gbà á.

Oníkòkòrò wọlé, ó kúnlẹ̀. “Ẹ káàsán, Mà.”

Ìyá àgbà yíjú kúrò lójú fèrèsé. “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ibo lo wà láti àárọ̀? Wo ọrùn ẹ bí ọrùn adìyẹ tí òjò pa. Ṣé o ti jẹun?”

Láti ìgbà tó ti dé ìlú náà, ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bi í bóyá ó jẹun.

Síbẹ̀, ó gbìyànjú. Ó ní òun kọ́ o, akẹ́kọ̀ọ́ ni òun, wọ́n ní kí òun wá máa bá Màmá ṣeré ni. Ojú ìyá náà rẹ̀wẹ̀sì.

“Ṣé irọ́ ni mo wá ń pa báyìí?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dákun: ọmọ àbíire wo ló máa wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àgbà, táá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ lẹ̀ ń pa?

“Rárá o, Mà,” ni Oníkòkòrò wí. “Èmi ni. Mo ti dé.”

Ó rò pé ti ọjọ́ náà nìkan ni. Ó ní bó bá di ọ̀la, òun yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀la, ìyá àgbà ti fi bísíkíìtì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí dè é, ó ní kó jẹ ẹ́ kíá kí àwọn aláṣọ funfun tó rí i. Ó bú u nítorí bàtà rẹ̀. Ó bú u nítorí pé ó wọlé láìfi nǹkan borí. Ó ní ìwọ̀nba ara tó kù lára rẹ̀, ṣé atẹ́gùn ló fẹ́ kó fún ni? Oníkòkòrò jókòó, ó ń gbọ́ èébú, ọkàn rẹ̀ ń fà sí i bí ẹni tí wọ́n ń bu omi tútù sí lórí nínú oòrùn. Ó ti gbàgbé pé èèyàn lè bú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré jáde ní kíláàsì. Ó ra ìyarun, ó ra ìpara, ó ń di irun ìyá àgbà. Irun náà funfun, ó fẹ́lẹ́, ó máa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá a máa sọ ìtàn ilé fún un, Oníkòkòrò náà a sì máa kó àwọn ìtàn náà jọ sórí, kó lè rí nǹkan fi dáhùn lọ́jọ́ mìíràn. Ó mọ ajá tí wọ́n sìn nígbà kan. Ó mọ aṣọ tí wọ́n fi kó Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde. Ìyá a ní, “Ṣé o rántí?” Òun náà a ní, “Mo rántí, Màámi.” Tó bá ti sọ ọ́ tán, bí ẹni tó rántí lóòótọ́ ló máa ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì àgbà bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé ìyá náà ti wá mọ̀ ọ́n. Oníkòkòrò ní ó mọ òun dáadáa.

Ìyá tó bí i lọ́mọ fúnra rẹ̀ gbọ́ nípa ìyá àgbà náà lórí fóònù, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kó bá òun kí wọn, ẹni tó bá ń báni tọ́jú ọmọ kì í ṣe ẹni kékeré. Ó wá bi í pé àwọn ọmọ tiwọn ńkọ́. Oníkòkòrò ní ọmọ kan ló wà, ó jìnnà.

“Ọmọ kì í jìnnà,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ọ̀nà ló ń jìnnà.”

Oníkòkòrò yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni fóònù dé. Oníkòkòrò ń di irun lọ́wọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà gbé fóònù wọlé, ó gbé e sí ìyá létí. Ohùn tó wà nínú rẹ̀ lọ sókè débi pé gbogbo yàrá gbọ́ ọ. Ó ní, “Màámi, èmi ni. Èmi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni.”

Ìyá àgbà fajú ro. “Ta ni yín? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà mí láàmú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà lẹ́yìn mi níbí, ó ń di irun mi.”

Ẹkún ló kù tí wọ́n ń gbọ́. Lẹ́yìn ẹkún, fóònù kú.

Nọ́ọ̀sì ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi sọ ọ́. Ó yíjú sí ẹni tí wọ́n gbà nítorí irú nǹkan báyìí, ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ará, nínú yàrá yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ti ìyá, tó gbọ́ ti ọmọ, tó sì lè ṣàlàyé ọ̀kan fún èkejì. Gbólóhùn kan ló máa ná an. Ṣùgbọ́n ó wo iwájú, ó rí yàrá rẹ̀ tó kọjú sí ògiri. Ó rí i pé bí òun bá sọ òótọ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò máa fi bísíkíìtì pamọ́ dè.

Ó ní, “Màmá ní ó rẹ àwọn.”

Fóònù tún wá ní Sátidé kejì. Ó tún wá lẹ́yìn ìyẹn. Ohun kan náà ni ìyá ń sọ, ohun kan náà ni Oníkòkòrò ń túmọ̀. Nígbà tó yá, fóònù ò wá mọ́. Oníkòkòrò ní ìtura bá òun lọ́jọ́ Sátidé tí kò dún. Ó ní nínú gbogbo rẹ̀, ìtura yẹn ló ń ti òun lójú jù.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí irun, ó ní kó wá jókòó síwájú òun. Ó jókòó. Ojú ìyá mọ́ lọ́jọ́ náà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi bọ́jú.

“Ọ̀rọ̀ òkú bàbá ẹ,” ni ìyá bẹ̀rẹ̀. “Mo ní ojú mi ò gbọdọ̀ kan tìẹ mọ́. Inú ló bí mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè, ọ̀nà ni mò ń wò. Gbogbo wọn rò pé mò ń wò ó kí n lè lé ọ tí o bá yọ. Mi ò fẹ́ lé ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà mí dúró, mo fẹ́ kí o wá di ìró mi mú.”

Oníkòkòrò mọ̀ pé ẹrù ẹlẹ́rù ni wọ́n ń gbé ru òun. Ó mọ̀ pé bí òun ò bá ní kí wọ́n dúró nísinsìnyí, kò sí ìgbà mìíràn. Ó la ẹnu.

Ìyá kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. “Mo ti dárí jì ọ́. Tọkàntọkàn ni. Ìwọ náà, dárí jì mí.”

Ohun tó jáde lẹ́nu Oníkòkòrò ni, “Mo ti gbọ́, Màámi. Ẹ ṣé.”

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó sùn. Láti ọjọ́ náà, kò sọ ọ̀rọ̀ òkú mọ́, kò wo ẹnu ọ̀nà mọ́. Ó ti sọ ohun tó ń dá a dúró. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìyarun ló máa wò títí, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà rí i bẹ́ẹ̀, ó pe ọmọ lórí fóònù, kò wádìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó ní bí ìyá pè é, bí kò pè é, kó máa bọ̀.

Oníkòkòrò ò mọ̀. Orí irun ló wà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan dúró síbẹ̀ nínú ẹ̀wù òtútù tó nípọn, ó sanra, irun iwájú rẹ̀ ti ń hewú, ó di báàgì mọ́ àyà. Kò tíì sọ nǹkan kan tí ìyá fi ké sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, rọra fà mí lórí, orí ò ní àrọ́pò.”

Báàgì bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà.

“Màámi,” ló wí.

Ìyá àgbà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó rí obìnrin tó sanra. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó wà lórí rẹ̀ kò fẹ̀ ju ọ̀pá lọ, ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìyarun lọ́wọ́. Ó fi ọ̀wọ̀ tẹríba fún àlejò.

“Ẹ káàbọ̀ o, Mà. Ta lẹ̀ ń wá? Ọmọ mi, fún wọn ní àga.”

Kò sẹ́ni tó gbé àga. Oníkòkòrò ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń wálẹ̀ sí i bó ṣe ń bèèrè.

“Ìwọ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n sọ fún mi? Tí mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ?”

“Èmi ni, Mà.”

“Nígbà tí mò ń pe fóònù, ṣé o wà níbí?”

“Mo wà níbí, Mà.”

“O gbọ́ ohùn mi.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“O gbọ́ bí mo ṣe ń sunkún.”

Obìnrin náà ní òun rò pé ìyá òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní òun sọ fún ọkọ òun pé, ẹ wò ó, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi, wọn ò tíì dárí jì mí. Ó ní ìdí tí òun ò fi wá nìyẹn, nígbà tí wọ́n ṣì lè mọ òun bí òun bá wá.

“Wọ́n ti dárí jì yín, Mà,” ni Oníkòkòrò wí.

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Àwọn fúnra wọn. Èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún.”

Obìnrin náà wò ó, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò rọrùn fún un, ọwọ́ àga ló fi gbára lé. Ó ní, “Màámi, ẹ forí jì mí.”

Àánú ṣe ìyá àgbà. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, bí èèyàn ṣe ń ṣe sí àlejò tí nǹkan ṣe.

“Ẹ dìde, Mà. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹni tí ẹ ṣẹ̀, Ọlọ́run á fi í sí i lọ́kàn kó dárí jì yín.”

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni wọ́n ti jọ dúró lẹ́yìn náà, obìnrin náà, Oníkòkòrò àti nọ́ọ̀sì àgbà. Oníkòkòrò fi èdè ibẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, kò yọ ọ̀kan kúrò. Nọ́ọ̀sì gba káàdì tó fi ń wọlé lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bú u. Ó ní àwọn gbà á láti jẹ́ etí fún àwọn ni, etí tó bá sì ń yan ohun tó máa gbọ́, àwọn ò lè lò ó.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, obìnrin náà ní kí Oníkòkòrò sọ ohun tí ìyá òun sọ. Ó ní kó má fi nǹkan kún un, kó má sì bu nǹkan kù.

Oníkòkòrò sọ ọ́. Ó sọ ti ọ̀nà tí ìyá ń wò. Ó sọ ti ìró. Obìnrin náà fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú.

“Wọ́n ní àwọn ti dárí jì yín, tọkàntọkàn. Wọ́n ní kí ẹ̀yin náà dárí ji àwọn.”

Obìnrin náà la ojú. “Wọ́n bẹ̀ mí?”

“Wọ́n bẹ̀ yín, Mà.”

“Kí lo wá fi dá wọn lóhùn?”

“Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní ẹ ṣé.”

“O ò ní o dárí jì wọ́n?”

“Ẹnu mi ò gbà á,” ni Oníkòkòrò wí. “Wọn ò ṣẹ̀ mí.”

Obìnrin náà kúrò lára ògiri. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ẹ̀wù, ó ṣí ilẹ̀kùn, kò sì tì í pa. Oníkòkòrò mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa lọ. Ó dúró.

Ó rí i tó fa àga sún mọ́ ìyá rẹ̀. Kò sọ ẹni tó jẹ́ mọ́. Kò pe ara rẹ̀ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó kàn di ọwọ́ ìyá àgbà mú, ó ní, “Mo ti dárí jì yín, Mà.”

Ìyá àgbà wo obìnrin tí kò dá mọ̀ náà.

“Ẹ ṣé o,” ló wí. “Ó ti ń pẹ́ jù lójú mi.”